Orúnkún Màmá Àdúrà àti Abẹ́rẹ́ Àwọn Ará Ṣáínà

Láti Ore títí dé Ago Alaye, ó ṣòro kí èèyàn rí ìjọ Aládùúrà tí kò ní sùtánà tí Ẹfúnróyè rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn gáréèjì, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí Bìní ti máa ń fọn fèrè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Bí eruku bá ti sọ lójú títì, ìyá náà á sáré ti ilẹ̀kùn, kí aṣọ funfun má baà di aṣọ pupa kí olówó rẹ̀ tó dé. Maṣíìnì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà ló ń lò. Bùsọ́lá àkọ́bí rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ra èyí tó ń lo iná fún un, ó dúpẹ́, ó súre, ó gbé e sí igun yàrá, ó da aṣọ bò ó. Ó ní iná tó ń wá tó ń lọ bí àlejò kò lè bá òun rán aṣọ ilé Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnikẹ́ni kì í pè é ní Ẹfúnróyè mọ́. Màmá Àdúrà ni wọ́n ń pè é ní ìjọ Aládùúrà Òkè Ìtùnú, iṣẹ́ Màmá Àdúrà kì í sì í ṣe iṣẹ́ orí àga. Obìnrin tó bá ní ẹrù lọ́kàn á bọ́ síwájú pẹpẹ, á kúnlẹ̀. Màmá Àdúrà náà á kúnlẹ̀ tì í, èjìká á kan èjìká, wọn ò sì ní dìde títí ẹrù náà yóò fi fúyẹ́ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìjọ náà sílẹ̀. Wọn ò gbà kí ẹni tó ń gbàdúrà fún èèyàn ga ju ẹni náà lọ.

Nígbà tó di ọdún tó kọjá, orúnkún Ẹfúnróyè ní òun ò ṣe mọ́. Bóyá maṣíìnì ló fà á, bóyá ọjọ́ orí ni, bóyá méjèèjì ló pàdé lójú ọ̀nà. Bó bá fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún ọ̀tún á dún pákáká bí igi gbígbẹ. Bó bá kúnlẹ̀ tán, àfi kí èèyàn méjì gbé e dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lé àwọn obìnrin lórí gbàdúrà. Kò sí ẹni tó bá a wí, ṣùgbọ́n ó gbọ́ nígbà tí ìyá kan ń sọ fún ìkejì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé àdúrà Màmá ti ń ti òkè wá báyìí bí òjò. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹni ló ti máa ń wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju orúnkún lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ fún ara rẹ̀: kó tún lè kúnlẹ̀ ti èèyàn.

Ẹ óò ní kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé orúnkún ń dun òun. Ẹni tí kò bá dàgbà sínú ilé àdúrà ló máa béèrè bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n gbà pé ẹnu lèèyàn fi ń ṣílẹ̀kùn fún àìsàn. Ẹni tí orí ń fọ́ á ní orí òun pé. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ á ní ara òun le, agbára Ọlọ́run ni. Ẹfúnróyè ti fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ọmọ, ó ti fi kọ́ ọmọ-ọmọ, kò sì ronú kàn án rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà á fẹ́ sọ pé, “Yéè.”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Límátù ló gbé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ wá. Límátù ń ta mọ́ínmọ́ín fún àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, mùsùlùmí ni, láti ìgbà tí wọ́n ti jọ jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n sì ti ń bú ara wọn láìjà. Orúnkún ń dun òun náà, ṣùgbọ́n kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó ti ń kírun lórí àga, ó ní Ọlọ́run gbà fún aláìsàn. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní dókítà obìnrin kan láti yunifásítì ń ṣe ìwádìí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Odígbó, ó ń wá àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dà láàmú. Abẹ́rẹ́ tíntín báyìí ni wọ́n ń lò, bí àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe é látayébáyé, kò sí oògùn nínú rẹ̀. Wọ́n á kàn gún un sára, wọ́n á fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́.

Ẹfúnróyè ní òun ń fi abẹ́rẹ́ gún ara òun lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ nídìí maṣíìnì, orúnkún ò sì tíì san. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé ìdí kẹ̀kẹ́ Márúwá Sàídù tó máa gbé wọn lọ.

Dókítà Ìníolúwa kò dàgbà tó bí wọ́n ti rò. Ọmọ Ago Alaye ni, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ó ṣàlàyé fún gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pé òun á bi wọ́n bí ìrora wọn ṣe tó: òdo ni pé kò sí ìrora rárá, mẹ́wàá ni pé ó ju gbogbo ìrora tí èèyàn ti jẹ rí lọ. Ó ní kí wọ́n sọ òótọ́, torí iye tí wọ́n bá sọ lòun á fi mọ̀ bí abẹ́rẹ́ náà bá ṣe é tàbí kò ṣe é.

Alàgbà Levi ló kọ́kọ́ wọlé, àgbà tó ń lu agogo ní Òkè Ìtùnú. Ó tiro wọlé, ó jókòó, ó ní òdo, ògo ni fún Ọlọ́run. Àwọn ìyá ìjọ tó gun ọ̀kadà wá láti Araromi-Obu tẹ̀ lé e, òdo, òdo, ẹni kan tilẹ̀ ní ó ti kọjá òdo. Nígbà tó kan Ẹfúnróyè, ó di ògiri mú wọlé, ó jókòó díẹ̀díẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè.

“Òdo,” ó wí.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi di ògiri mú nígbà tí ẹ ń wọlé?”

“Mo ń kí i ni.”

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi lé lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe tán, ó fi sùúrù sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá ní ìrora, òun ò lè fi í sínú ìwádìí, torí kò sí ohun tó máa dínkù lára rẹ̀. Ó kí wọn, ó dágbére fún wọn. Bí ẹnu wọn ṣe lé wọn jáde nìyẹn, tiro, tiro, tiro, títí dé ẹnu géètì. Límátù nìkan ni wọ́n gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti sọ pé mẹ́jọ ni tòun, bí òjò bá ṣú kí wọ́n kọ ọ́ sí mẹ́sàn-án, Alhamdulillahi.

Inú kẹ̀kẹ́ ni Límátù ti bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Sàídù bóyá ó ti gbé ẹni tí orúnkún rẹ̀ jẹ́ òdo rí, ó ní kó rọra gba inú kòtò, kí òdo má baà fọ́. Sàídù rọra ń rẹ́rìn-ín sínú kọ́là aṣọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Ẹfúnróyè ní ìgbàgbọ́ ni, ẹni tí kò ní in ò lè mọ̀.

“Èmi náà nígbàgbọ́,” Límátù wí. “Ìyá Bùsọ́lá, ta lò ń fi pamọ́ fún gan-an? Ṣé Ọlọ́run tó dá orúnkún ni, àbí èmi tí mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún?”

Ẹfúnróyè yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé aṣọ sórí maṣíìnì, ó sì rí i pé òun ń ronú ohun tí kò yẹ kí Màmá Àdúrà máa rò. Bó bá jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ni òdo yẹn, kí ló dé tó fi dà bí irọ́ lẹ́nu òun?

Ó lọ bá Wòlíì Ọlọ́runníyì, olórí ìjọ wọn, ọkùnrin tó dúdú tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ròyìn òdo náà fún un, ó sì bi í ní ohun méjì: bóyá ọmọ Ọlọ́run lè jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ará Ṣáínà gún òun, àti bóyá ẹni tó bá sọ iye ìrora rẹ̀ ti sẹ́ agbára Ọlọ́run nìyẹn. Wòlíì ní kó fún òun láyè kí òun gbé e síwájú Olúwa. Nígbà tó padà wá, Wòlíì na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lófìfo.

“Màmá, mi ò rí nǹkan kan. Bí mo bá ní mo rí ìran, irọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n mo rántí ìyàwó mi, ìyá Olúbísí, lọ́jọ́ tó ń rọbí ọmọ wa. Mi ò gbọ́ kó sọ pé òdo.”

Ẹfúnróyè bú sẹ́rìn-ín, ó sì padà sí Odígbó.

Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí dókítà bi í léèrè, ó kọ́kọ́ wo ìta, ó tún wo òkè àjà, bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan. Ó ní, “Méje.” Ó dúró kí ó rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn fèrèsé, dókítà sì kọ méje sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ orúkọ ọjọ́. Ẹfúnróyè wá rí i pé èjìká òun ti wálẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ igi ìdáná kalẹ̀.

Ó ṣì ní ìbéèrè lẹ́nu. Ó fẹ́ mọ ẹ̀mí tó wà nídìí abẹ́rẹ́ náà. Dókítà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ sọ pé agbára kan wà tó ń ṣàn kiri nínú ara bí omi odò, pé ibi tó bá ti dí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun ò tíì rí odò náà, kò sì sí ẹni tó tíì fi han òun. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé, àwọn kan ní abẹ́rẹ́ náà ń mú ìrora orúnkún dínkù, àwọn mìíràn ní kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ayédèrú rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí òun fi ń wádìí. Abẹ́rẹ́ méjì ló wà: ọ̀kan ń wọ ara, ìkejì ṣe bí ẹni pé ó wọlé ni, ẹnu rẹ̀ kò mú, á kan awọ ara á sì padà sínú èèkù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ èyí tí wọ́n fún òun, àfi nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Gbogbo wọn pátá ni wọ́n á sì máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀ láràárọ̀.

“Nítorí náà, ẹ fẹ́ tàn mí, ẹ tún ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi?” Ẹfúnróyè béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí ẹ bá mọ̀, ọkàn yín á ti bá abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó dé. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn tí ara wọn yá nìkan ni mo bi léèrè, abẹ́rẹ́ á gba ògo tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn tí ara wọn kò yá, mo gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu wọn náà.”

Ó gbà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn tẹ̀ lé e délé, ó sùn tì í, ó sì bá a jí. Lọ́jọ́ ìjẹ́rìí ní Òkè Ìtùnú, àwọn tí Ọlọ́run dá lóhùn ló ń jáde, agogo á dún, wọ́n á jó. Àwọn tí wọn ò tíì dá lóhùn ńkọ́? Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ẹlẹ́rìí, wọ́n á tún gèlè wé, wọ́n á lọ sílé. Ó rántí Olúwatóyọ̀sí, ọmọbìnrin kan láti Araromi-Obu tó ń gbin pákí, tí ọ̀kadà gbé ṣubú, tí kò lè gbé apá rẹ̀ kọjá èjìká láti ìgbà náà. Ó ti gbàdúrà fún un. Kò padà bi í rí bí apá náà ṣe rí, torí ó ń bẹ̀rù ohun tó máa gbọ́. Ó bi Ọlọ́run pé ṣé àwa náà kì í fún Un ní ògo ayédèrú nígbà mìíràn. Kò sì dẹ́kun àdúrà. Ó kàn fi ìbéèrè náà kún un ni.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, ó sì di ìgbádùn. Ẹfúnróyè àti Límátù á na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì méjì, aṣọ ìkélé láàárín, abẹ́rẹ́ wọn tó dúró nínú òrùká rọ́bà kékeré yí orúnkún ká bí ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa bú ara wọn gba inú aṣọ. Alàgbà Levi náà gbọ́, ó padà wá, ó ní mẹ́fà ni nípa ti ara, òdo ni nípa ti ìgbàgbọ́. Dókítà bẹ̀ ẹ́ pé àyè iye kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé òun. Bàbá ní kó kọ ti ara, Ọlọ́run á bá òun pa tìkejì mọ́.

Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, orúnkún Ẹfúnróyè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ láìdi Sàídù lọ́rùn mú. Méje di márùn-ún, ó sún mọ́ mẹ́rin. Ní ti Límátù, mẹ́jọ rẹ̀ ò kúrò lójú kan.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, dókítà pè wọ́n jọ, ó fún wọn ní omi tútù, ó sì sọ fún oníkálukú ohun tí wọ́n fi gún un. Abẹ́rẹ́ gidi ni ti Límátù. Ti Ẹfúnróyè, ayédèrú ni. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò wọ ara rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Límátù ló kọ́kọ́ lanu.

“Ẹ wá gbà mí o. Èmi tí wọ́n gún bí ẹran súyà, mo ṣì ń tiro. Ìwọ tí wọ́n fi irin pa lára lásán, ìwọ lò ń fò bí ọmọ ewúrẹ́.”

Ẹfúnróyè rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ló bi dókítà pé kí ló wá wo òun sàn. Dókítà ní òun ò lè fi ẹni méjì pìtàn. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n gún ní ìlú mẹ́ta tí òun ti ṣe ìwádìí náà, ara ọ̀pọ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ gidi fi ìwọ̀nba bín-ín-tín ju ti ayédèrú lọ, kò sì tó ohun tí òun lè fi búra. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń nà. Ó lè jẹ́ ìsinmi, tàbí ẹni tó ń béèrè bí ara ṣe rí. Ó ní bó ṣe rí gan-an lòun máa kọ ọ́.

Ìròyìn kì í dúró sí Odígbó. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, gbogbo Òkè Ìtùnú ti rí i pé Màmá Àdúrà ń rìn gbẹndẹkẹ. Nígbà tí àkókò ìjẹ́rìí dé, Wòlíì kò tíì parí ìpè tí gbogbo ojú fi yí sí Màmá Àdúrà. Alàgbà Levi ti gbá agogo mú. Ẹfúnróyè bọ́ síwájú pẹpẹ láìwọ bàtà, nínú sùtánà tó rán fúnra rẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ń retí. Gbólóhùn kan péré ni, á sì rọrùn: Olúwa wo orúnkún mi sàn pátápátá. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú, ó rí i pé ó dún bí òdo.

“Ẹ̀yin ará,” ó wí, “orúnkún mi ń dùn mí.”

Agogo kò dún.

“Ó dínkù sí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó mú un dínkù, mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí kò wọlé gún mi. Mo ń na ẹsẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀ ń gbàdúrà fún mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, torí mi ò mọ èyí tí mo lè yọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá tíì dínkù, kó má rò pé òun nìkan ni.”

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń kígbe lẹ́yìn irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wo Wòlíì, Wòlíì ń wo ilẹ̀. Láti ìdí ilẹ̀kùn, Olúwatóyọ̀sí dìde. Ó gba àárín ìjọ wá, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, apá tó ń ṣe é wà láyà rẹ̀.

“Tèmi ò tíì dínkù, Màmá,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ẹfúnróyè fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀, ó sọ orúnkún òsì kalẹ̀, ó sọ ti ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ó dún. Ó sì ké “yéè” sókè, ketekete, níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn. Ọmọdé kan bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ fẹ́ bò ó lẹ́nu, òun náà rẹ́rìn-ín, ni gbogbo ìjọ bá ń rẹ́rìn-ín. Alàgbà Levi ní orúnkún òun náà ń dun òun, ó fi ọ̀pá àgbà gbá ilẹ̀, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Àwọn ìyá Araromi-Obu náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn, ẹ̀yìn, ìbàdí, oorun tí kò wá.

Ẹfúnróyè kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Èjìká rẹ̀ ti kan ti ọmọbìnrin náà. Ó tẹ orí sún mọ́ ọn, ó sì bi í, kó tó ṣí àdúrà, pé níbo gan-an ló ti ń dùn ún, àti pé báwo ló ṣe tó.